Nígbà tí a ń dúró de èsì àyẹ̀wò ọmú

Bí obìnrin ará Tré bá rí kókó nínú ọmú rẹ̀, ó di dandan kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, ní Dassa tàbí ní ìlú tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ nínú kókó náà. Lẹ́yìn náà, wọn a ní kí obìnrin náà máa lọ sílé, kí ó dúró de èsì.

Ìdúró yìí a máa le fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọ̀sán a máa tètè lọ nínú oko iṣu àti nídìí ààrò gàrí. Òru ni kì í tètè mọ́. Ẹnu ayé kì í sì í dákẹ́. Ẹnì kan á ní àwọn ayé ni ó fi ṣe é. Òmíràn á ní ewé ni kí wọ́n fi lé e. Òmíràn á ní bí irin bá ti kan kókó, ó ti di jẹjẹrẹ nìyẹn. Èyí kì í ṣe òtítọ́: abẹ́rẹ́ àyẹ̀wò kì í sọ kókó lásán di jẹjẹrẹ.

Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ

Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a ń pè ní OMS, sọ pé nínú 100 kókó ọmú, àwọn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lè tó 90. Òmíràn jẹ́ àpò omi kékeré. Òmíràn jẹ́ ẹran líle tí ó máa ń yọ nínú ọmú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, tí kì í sì í pa ni. Òmíràn jẹ́ oówo, pàápàá lára ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Síbẹ̀, jẹjẹrẹ ọmú wà. Ní ọdún 2022, a rí i lára 2 300 000 obìnrin káàkiri ayé. 670 000 sì kú. Ẹni tí a bá tètè mọ̀ ọ́n lára rẹ̀ ni ìtọ́jú ń ràn lọ́wọ́ jù lọ. Ojú lásán kò lè mọ kókó tí ó léwu yàtọ̀ sí èyí tí kò léwu. Ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mú ẹran díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Lórí ìwé, orúkọ àyẹ̀wò yìí ni «biopsie».

Kí ni ó ń mú un pẹ́?

A kọ́kọ́ fi ẹran náà sínú oògùn tí kò jẹ́ kí ó rà. Ó ní láti wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 6 ó kéré tán. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, a fa omi inú rẹ̀ gbẹ, a sì fi ìda bò ó kí ó lè le. A wá gé e pẹlẹbẹ, títí yóò fi fẹ́lẹ́ ju bébà lọ. Síbẹ̀, ojú kò tíì lè rí nǹkan kan níbẹ̀, nítorí kò ní àwọ̀. A ní láti pa á láró, bí aláró ti ń ṣe sí aṣọ funfun. Ọ̀kan nínú aró náà wá láti inú igi kan tí ó ń hù ní Mẹ́síkò. Ìgbà tí aró bá mú un tán ni dókítà tó lè wò ó pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹran náà lè ní láti rin ìrìn-àjò, bóyá títí dé Kútọnu, tí ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà sí Dassa. Nítorí náà, èsì lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí èsì bá pẹ́, kò túmọ̀ sí pé ó burú. OMS fẹ́ kí obìnrin tí ó bá gbé ọmú rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò mọ òtítọ́ láàárín 60 ọjọ́.

Àwọn obìnrin ni ó jà fún ìdúró yìí

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ìgbà kan wà tí kò sí ìdúró rárá. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, wọn a fún obìnrin ní oògùn oorun, wọn a gé kókó rẹ̀, wọn a sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ, wọn a gé gbogbo ọmú náà kí ó tó jí. Obìnrin á sùn láìmọ̀ bóyá ọmú méjì ni yóò jí pẹ̀lú, tàbí ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún Betty Ford, aya ààrẹ Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974.

Ní ọdún yẹn kan náà, akọ̀ròyìn kan, Rose Kushner, rí kókó nínú ọmú tirẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n mú ẹran díẹ̀, kí òun gbọ́ èsì, kí òun tó pinnu. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ni kò gbà kí ó tó rí ẹni tí ó gbà. Ó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1979, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ, tí òun náà jókòó nínú rẹ̀, sọ pé kí a ya àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, ọjọ́ ìdúró kì í ṣe ìyà. Ó jẹ́ àyè tí obìnrin fi ń mọ ohun tí ó wà lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gé e.

Ohun tí a lè ṣe ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyí

Kí obìnrin náà tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: ọjọ́ wo ni èsì yóò jáde? Ibo ni a ti ń gbà á? Ta ni yóò ṣàlàyé rẹ̀? Kí ó kọ ìdáhùn sílẹ̀. Kí ó ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò àti sórí ìwé, kí ó rí i pé tirẹ̀ ni. Ẹni tí ó ti mọ̀wé kà lè ṣe èyí fúnra rẹ̀.

Ojú abẹ́rẹ́ lè dùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè dúdú. Kí ó jẹ́ kí ó mọ́, kí ó sì gbẹ. Kí ó má fi ewé tàbí àgúnmu sí i, kí ó má sì gbà kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí i. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí ọmú bá wú, tí ó sì ń ṣọyún, kí ó padà sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká. Kí ó yan ẹnì kan tí ó ń pa àṣírí mọ́, kí ó sọ ohun tí ó ń bà á lẹ́rù fún un, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gbàdúrà ní ihò Arigbo ní Dassa, tàbí ní mọ́sálásí, kí ó lọ. Àdúrà kò ní kí a má gba èsì.

Kí ọkọ rẹ̀ àti ìyakọ rẹ̀ mọ̀ pé jẹjẹrẹ kì í ràn. Kí wọ́n máa bá a jẹun pọ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Kí wọ́n tọ́jú owó ọkọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ èsì.

Ọjọ́ èsì

Kí ó má dá lọ. Etí tí ẹ̀rù bà kì í gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹnì kejì yóò bá a gbọ́ ìyókù. Bí ìwé bá sọ pé «bénin» tàbí «bénigne», kì í ṣe jẹjẹrẹ. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ «bénin» àti orúkọ orílẹ̀-èdè Bénin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Bí ó bá sọ pé «malin» tàbí «carcinome», jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ó sì bú sẹ́kún. «Absence de malignité» túmọ̀ sí pé a kò rí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Kí dókítà ka gbogbo rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé. Nígbà mìíràn, ẹran tí a mú kì í tó, a sì ní láti tún òmíràn mú. Èyí náà kò túmọ̀ sí pé ó burú.

Ewu tí ó tóbi jù ni pé kí ẹ̀rù mú obìnrin fi èsì rẹ̀ sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ ilé ìwòsàn. Bí èsì bá dára, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Bí ó bá burú, ìtọ́jú yóò tètè bẹ̀rẹ̀. Èsì tí a kò gbà kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.