Bí Iná Bá Kú Lórí Ewéko Inú Omi

 

Ẹ ti rí àpótí onígíláàsì tí àwọn ènìyàn fi ń sin ẹja nínú ilé. Iyanrìn wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ewéko tútù wà láàárín rẹ̀, ẹja kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ káàkiri. Gílóòbù iná mànàmáná wà lókè rẹ̀. Gílóòbù yìí kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Òun ni oòrùn àwọn ewéko náà.

Ní ọdún kan, a ní irú àpótí bẹ́ẹ̀ nínú iyàrá ìkàwé wa. Iná lọ ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ó di ọjọ́rú tí iná kò dé, àánú ewéko ṣe wá. Àpótí náà kò tóbi, nítorí náà a gbé e sínú oòrùn ní ìta. A rò pé oore ni a ṣe. Nígbà tí ó di ọ̀sán, omi gbóná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹja 5 ti kú. Àwọn ọmọ tí ń bá ìyá wọn wá sí kíláàsì sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni ewéko tí a torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí kò tilẹ̀ tíì rọ. Ẹ wò ó, òkùnkùn kọ́ ló pa ẹja wa. Àìmọ̀ wa ni.

Kí ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe fún ewé?

Ewé a máa se oúnjẹ fún ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni iná tí ó fi ń dáná. Omi, àti afẹ́fẹ́ tí ẹja mí síta, ni èlò tí ó ń sè. Bí ó bá ti ń sè é, ó ń tú afẹ́fẹ́ rere sínú omi, ẹja sì ń mí in.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá kú, ìdáná dúró. Ewé á wá máa jẹ oúnjẹ tí ó ti kó pamọ́, bí àgbẹ̀ ti ń jẹ iṣu inú àká. Ṣùgbọ́n kò dẹ́kun mímí. Nínú òkùnkùn, afẹ́fẹ́ rere tí ẹja ń mí ni òun náà ń mí. Ìdí nìyí tí ewu fi ń kọ́kọ́ kan ẹja kí ó tó kan ewé.

Ṣé ewé lè pẹ́ nínú òkùnkùn? Ó lè pẹ́ díẹ̀. Àwọn tí ń sin ẹja tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi aṣọ bo àpótí fún ọjọ́ 3, kí ọbẹ̀dò, ìyẹn ohun àwọ̀ ewé tí ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára gíláàsì, lè kú. Ewéko tí ara rẹ̀ dá máa ń là á já.

Gbogbo ewéko kò rí bákan náà. Àwọn tí ewé wọn pupa àti àwọn tí ń yára dàgbà ni ó ń tètè ṣàárẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a ń pè ní Anubias barteri. Ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ó ń hù lára òkúta àti gbòǹgbò igi létí odò inú igbó, ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, níbi tí òjìji pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó o. A fi orúkọ Charles Barter sọ ọ́, ẹni tí ó ń ṣa ewéko jọ nínú ìrìn-àjò Odò Ọya ti ọdún 1857. Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn-àjò yẹn. Barter kú ní Rábà ní ọdún 1859.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣe

1. Yọ okùn iná kúrò lára ògiri kí o tó ki ọwọ́ bọ omi. Omi àti iná mànàmáná kì í ṣe ọ̀rẹ́.

2. Fún omi ní afẹ́fẹ́. Fi ife tí kò ní ọṣẹ bu omi inú àpótí, kí o sì dà á padà láti òkè. Ṣe é bí ìgbà 10, sinmi, kí o tún ṣe é. Bí ẹja bá ń yọ ẹnu sójú omi, má ṣe jáfara.

3. Má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ púpọ̀. Ẹja àgbà tí ara rẹ̀ le lè fara da ọjọ́ 3 láìjẹun. Oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa rà, a sì máa ba omi jẹ́.

4. Má ṣe fi ajílẹ̀ sí omi. Ewé tí kò rí ìmọ́lẹ̀ kò lè lò ó.

5. Ṣí aṣọ ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ inú ilé tó, má ṣe gbé e sínú oòrùn. Bí ojúoró bá bo ojú omi, kó ìdajì rẹ̀ kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ìsàlẹ̀. Já ewé tí ó ti rà sọnù.

6. Bí gílóòbù nìkan ló kú, gílóòbù funfun tí a ń lò nínú ilé lè dípò rẹ̀. So ó dáadáa kí ó má bàa já sínú omi.

7. Bí iná bá dé, má ṣe tàn án mọ́jú láti fi san gbèsè. Wákàtí 6 lójúmọ́ tó fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí o sún un sí 8. Bí ó bá pọ̀ jù, ọbẹ̀dò ni yóò jèrè.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹja, ẹ má ṣe gbé e sínú ilé o. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a bá ti mọ èyí lọ́dún náà, ẹja 5 wọ̀nyẹn ìbá wà láàyè. Ẹ kà á fún ará ilé yín, kí tiyín má bàa rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè

Kí ló pa ẹja inú iyàrá ìkàwé wa?
Kí ni ewé ń mí nínú òkùnkùn?