Fọ́ọ̀mù JSS 3 Àti Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀ràn tí mo gbé wá lónìí kò kan owó epo, kò sì kan ìbò. Ọ̀ràn inú ilé ni, ṣùgbọ́n ó ti ba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́kàn jẹ́, tí wọn kò sì mọ ọjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni obìnrin kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn wọlé tọ̀ mí wá, òun pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà. Àbúrò ni ó jẹ́ sí ìyàwó mi ní àdúgbò tí wọ́n gbé dàgbà, nítorí náà kò sí ìtìjú láàárín wa. Ọmọ náà ti ṣe ìdánwò WAEC ní ọdún tí ó kọjá, ó sì ṣe é dáradára: kirẹ́díìtì méje ni ó gbà, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sì wà nínú wọn. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá àwọn wo ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà ń fẹ́. Kì í ṣe pé aṣọ funfun wọn ni ó wù ú. Nígbà tí ìyá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn nínú ilé wọn fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ọmọ yìí ni ó ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ó ń fún un ní oògùn, òun náà ni ó sì ń kọ àkókò oògùn sára ògiri.

Mo gba ìwé èsì ìdánwò náà, mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yorùbá wà níbẹ̀, Lítíréṣọ̀ wà níbẹ̀, Ètò Ìjọba wà níbẹ̀, Ìmọ̀ Ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Báyọ́lọ́jì pàápàá wà níbẹ̀. Kẹ́místrì kò sí. Físíìsì kò sí.

Mo bi í pé, “Ta ni ó bá ọ yan àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí?”

Ó kúnlẹ̀ síbi tí ó wà, ó ní, “Bàbá, fọ́ọ̀mù kan ni wọ́n pín fún wa nígbà tí a fẹ́ parí JSS 3. Áàtì ni àwọn ọ̀rẹ́ mi mú, èmi náà sì mú un.”

Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ni òun fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Pé ọkọ̀ ọjà ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òun sì rò pé ìwé owó ẹgbẹ́ àwọn òbí ni.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀ràn wà nìyí. Gbogbo wa ni a gbà pé ọjọ́ tí ọmọ bá ra fọ́ọ̀mù JAMB ni ọjọ́ tí a ń yan iṣẹ́ fún un. Ní ọjọ́ náà ni a ń pe ẹbí jọ, tí bàbá ń sọ̀rọ̀, tí ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọndọnu ń tẹ̀ wá láago, tí olúkúlùkù sì ń dárúkọ yunifásítì tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ti pẹ́. A ti yan iṣẹ́ náà ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, nígbà tí ọmọ kò ju ẹni ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, tí kò sì sí ẹnì kan nínú ẹbí tí ó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ti rí, nítorí àwọn tí ó jáde ilé ìwé ní ayé ìgbà tiwa kò mọ ètò yìí. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ ka ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án: mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní JSS. Nígbà tí ọmọ bá parí èyí, dandan ti tán. Ní oríta yìí ni ó ti yẹ kí á dúró kí á bi ara wa pé, níbo ni ó kàn?

Àwọn tí ó gbé ètò 6-3-3-4 kalẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, mọ̀ pé oríta ni. Èrò wọn ni pé nínú ọdún mẹ́ta ti JSS, ọmọ yóò tọ́ gbogbo nǹkan wò, yóò fi ọwọ́ kan igi àti irin, yóò mọ ìdáná, yóò mọ ìwé òwò. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí orí rẹ̀ fẹ́ ìwé yóò gba SS lọ, tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá yóò sì gba ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Èrò dáradára ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá fún un ti wà nínú àpótí títí tí ìpẹtà fi mú wọn, nítorí kò sí iná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ wọ́n lò. Bẹ́ẹ̀ ni oríta náà ṣe di ọ̀nà kan ṣoṣo, tí gbogbo ọmọ ń rọ́ lọ sí SS bí ẹni tí ń tẹ̀lé egúngún.

Bí wọ́n bá sì dé SS 1, wọn kì í jókòó pọ̀ mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, Sáyẹ́ǹsì lọ́tọ̀, Áàtì lọ́tọ̀, Kọmáṣà lọ́tọ̀. Àwọn ìpín wọ̀nyí ni ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni JAMB ń dán ọmọ wò nínú rẹ̀, ọgọ́rùn-ún máàkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan fún gbogbo wọn. Ẹni tí yóò kọ́ ìṣègùn, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí ìmọ̀ oògùn pípò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì ni yóò fi kún un. Injiníà ń fẹ́ Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́místrì. Ẹni tí yóò ṣe akáǹtì kò gbọdọ̀ sá fún Ìṣirò àti Ètò Ọrọ̀ Ajé. Ẹni tí ó fẹ́ di lọ́yà, kí ó má fi Lítíréṣọ̀ ṣeré. Bí ọmọ kò bá kọ́ ẹ̀kọ́ náà láti SS 1, kò sí àdúrà tí yóò mú un hàn lórí ìwé èsì ní SS 3.

Mo mọ̀ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí nísinsìnyí. Yóò ní, “Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wọn kúkú mú Sáyẹ́ǹsì.” Èmi náà wí bẹ́ẹ̀ rí, ojú mi sì rí i. Nígbà tí ọmọkùnrin mi kejì dé oríta yìí, olùkọ́ rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ náà kò ní ìfẹ́ sí Físíìsì rárá, pé kí n jẹ́ kí ó mú Kọmáṣà. Mo fèsì tí kò dára fún ọkùnrin náà. Èmi fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Bàbá Dókítà. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ náà fi jókòó nínú kíláàsì tí kò yé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ṣe ìdánwò Físíìsì tí ó gba F9. Ní gbogbo àkókò náà, òun ni ó ń bá ìyá rẹ̀ kọ ìwé gbèsè àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, kọ́bọ̀ kan kì í sì í sọnù. Mo ń rí i lójoojúmọ́, n kò sì rí i. Nígbẹ̀yìn ó padà lọ kọ́ Ètò Ọrọ̀ Ajé láti ìbẹ̀rẹ̀, ó gba pólí lọ, ó ṣe akáǹtì, ó sì ń jẹun nídìí rẹ̀ lónìí. Kò bá mi jà rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tirẹ̀ náà fẹ́ yan ilé ìwé, kò fi lọ̀ mí.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí kì í béèrè. Ilé ìwé lè kọ Sáyẹ́ǹsì sára ògiri rẹ̀, kí ó má sì ní olùkọ́ Kẹ́místrì. Ìdánwò WAEC nínú Kẹ́místrì, Físíìsì àti Báyọ́lọ́jì kì í ṣe ti orí ìwé nìkan. A ó gbé ohun èlò síwájú ọmọ, a ó ní kí ó da ásíìdì pọ̀ mọ́ omi èyí, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ ohun tí ó rí. Ọmọ tí ó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni ó kọ́kọ́ di ìgò ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ náà mú, kí ni yóò kọ? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ra aṣọ láìtú u wò, tí ẹ ń fi ọwọ́ ra á, tí ẹ ń gbé e sí oòrùn, ẹ wọ ilé ìwé náà lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣí yàrá àyẹ̀wò fún yín. Bí eruku bá ti bo tábìlì, tí omi kò sì yọ nínú ẹ̀rọ omi, ẹ ti rí ohun tí ẹ wá wò.

Ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wá ńkọ́, èyí tí a ń pè ní Technical College? Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ láàárín àwọn òbí, ńṣe ni wọ́n ń wò mí bí ẹni tí ó ṣépè fún ọmọ wọn. Síbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní irú rẹ̀ ní Yábà, ní Iléṣà àti ní Ùsì-Èkìtì. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀ ní Àgídìngbì, ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní ibòmíràn. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yóò lò níbẹ̀ bíi ti SS. Yóò kọ́ iṣẹ́ iná, tàbí ọkọ̀ títúnṣe, tàbí omi fífà, tàbí irin jíjó, tàbí aṣọ rírán, yóò sì máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò pẹ̀lú rẹ̀. NABTEB, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1992, ni ó ń ṣe ìdánwò fún un. Ìwé ẹ̀rí náà kò di ọ̀nà mọ́ ọn: ó lè gba pólí lọ fún ọdún méjì, kí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, kí ó sì padà fún HND. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá so iná oòrùn mọ́ òrùlé mi ní oṣù tí ó kọjá jáde láti irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó dín owó rẹ̀ kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ilé mẹ́ta mìíràn ń dúró de òun. Mo san án.

Mo máa ń rántí ìtàn Higher College ti Yábà, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ní gbangba ní 1934. Ọmọ tí ó bá kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ kì í jáde bíi dókítà pátápátá, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni, ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kò sì tó dìgírì. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an, wọ́n ní a kò lè mọ ògiri síwájú àwọn ọmọ wa. Ní 1948 ni University College ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ ẹni tí ó mọ ògiri tiwọn. Ògiri tí ó wà níwájú ọmọbìnrin oníṣòwò Gbági yìí, ìyá rẹ̀ ni ó fi bírò mọ ọ́n, kò sì mọ̀.

Mo sọ òtítọ́ fún wọn. Bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì ni dandan, ọmọ náà yóò kọ́ Kẹ́místrì àti Físíìsì láti ojú ewé kìíní, yóò sì ṣe ìdánwò méjèèjì pẹ̀lú àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ìwé mọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan yóò gba ìwé èsì ìjókòó méjì, àwọn mìíràn kò ní gbà á, nítorí náà kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó sanwó. Ó kéré tán, ọdún kan ti lọ. Ó sì lè di méjì. Mo rò pé ọmọ náà yóò sunkún. Kò sunkún. Ó béèrè iye tí ìwé Kẹ́místrì jẹ́. Láti ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e ni ó ti ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, láàárín àwọn ọmọ SS 1 tí ó fi ọdún mẹ́rin jù lọ, lẹ́yìn tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ ká ìgàn aṣọ tán.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá ni ìyá náà tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó kéré ni ó mú dání, ẹni tí ó wà ní JSS 3. Ó tú àpò rẹ̀, ó sì yọ fọ́ọ̀mù kan láàárín ìwé àwọn ajigbèsè rẹ̀. Irú fọ́ọ̀mù kan náà ni, bébà kan ṣoṣo, pẹ̀lú àpótí mẹ́ta tí a ó fa ìlà sí ọ̀kan nínú wọn. Ìyá ní dókítà ni òun ń fẹ́. Ọmọ kò wí nǹkan. Mo bi í ohun tí ó máa ń ṣe bí ilé ìwé bá jáde, ó ní òun ń tú fáànù tí ó bàjẹ́ ní àdúgbò, pé méjì ti ṣiṣẹ́, ẹ̀kẹta jóná. Mo bi í nípa Ìṣirò, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀.

A fi àdéhùn sí i pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo yàrá àyẹ̀wò ilé ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan lọ ní ọjọ́ tí ọjà kò gbóná, kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí méjèèjì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí fọ́ọ̀mù padà dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé. Títí di alẹ́ àná tí mo fi kọ̀wé yìí, ìyá náà kò tíì fọwọ́ sí i.