Ìgbéyàwó etí òkun ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀: ibi tó yẹ kí àlejò fojú rí

Kì í ṣe ohun tuntun mọ́ kí tọkọtaya kó ẹbí àti ọ̀rẹ́ sọdá ẹnubodè Sèmè lọ ṣe ìgbéyàwó létí òkun ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni àríyá, ṣùgbọ́n àlejò mìíràn á lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ láìrí ju òtẹ́ẹ̀lì àti yanrìn lọ. Àdánù gbáà ni, nítorí ìtàn tó kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n wà nítòsí.

Ganvié ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Láti èbúté Abomey-Calavi, tí kò jìnnà sí Kútọnu, ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú náà, tí àwọn ilé rẹ̀ dúró lórí òpó igi láàárín ọ̀sà Nokoué. Ọjà pàápàá, inú ọkọ̀ ni àwọn obìnrin ti ń tà á. Kì í ṣe fáàrí ló gbé wọn dórí omi. Àwọn tó ń kó èèyàn tà lẹ́rú ni wọ́n sá fún. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé èèwọ̀ ni fún ọmọ ogun Dàhòmì láti jà lórí omi. Òwúrọ̀ ló dára jù, kí oòrùn tó mú. Kí àlejò ti ná owó ọkọ̀ tán kó tó gbẹ́sẹ̀ sínú rẹ̀; sẹ́fà ni wọ́n ń ná níbẹ̀.

Ìtàn àwọn tí kò ríbi sá sí wà ní Ouidah, tí Yorùbá ń pè ní Ìgèlèfè, nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Kútọnu. Ọ̀nà tó lọ láti àárín ìlú dé etí òkun tó kìlómítà mẹ́rin. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ lára wọn. Ọkọ̀ Clotilda, tó kó nǹkan bí 110 èèyàn lọ sí Alabama ní 1860, lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ka òwò náà léèwọ̀, ibẹ̀ ló ti gbéra. Ẹsẹ̀ ló yẹ kí èèyàn fi rin ọ̀nà yìí, kì í ṣe ọ̀kadà. Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ló wà ní òpin rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ aṣọ ẹbí lọ ya fọ́tò ẹ̀rín níbẹ̀. Kí gèlè dúró sí òtẹ́ẹ̀lì. Bí ooru bá mú, kí wọ́n má ṣe bọ́ sínú òkun náà, ìgbì rẹ̀ ń gbé èèyàn lọ.

Ẹni tó bá ń padà sí Èkó lè yà sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Mọ́sáláṣí ńlá ibẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, nítorí àwọn Àgùdà, àwọn tí ìran wọn padà dé láti Brazil, ló kọ́ ọ. Èdè Yorùbá tó láti fi béèrè ọ̀nà níbẹ̀.