Bí a ṣe ń to ìfági

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ṣé ẹ ti rí ọmọ-iṣẹ́ káfíńtà tó ń fá pákó, tí òógùn bò ó, tí pákó náà kò sì dán? Ó ń ti ìfági, ìfági há. Ó fi agbára kún un, igi ya, ihò dá sí pákó lára. Àwọn kan á ní ọmọ náà kò lágbára. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfági rẹ̀ ni wọn kò tò.

Àwọn àgbà ní: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ ni ìfági rí. Èyí tí a tò dáadáa kì í fẹ́ agbára púpọ̀. Èyí tí a kò tò ń ba pákó tí a fi owó rà jẹ́, ó ń dá èjìká lágara, ó sì lè ṣe ọwọ́ léṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kan káfíńtà, ó sì kan àgbẹ̀ tó fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn abà tàbí àpótí oyin fúnra rẹ̀.

KÍ LÓ WÀ LÁRA ÌFÁGI?

Oríṣi méjì ló wà: onígi àti onírin. Àwọn kan ń pè é ní rábò. Ẹ wo ara rẹ̀:

– Àtẹ́lẹsẹ̀: ìsàlẹ̀ tó tẹ́jú, tó ń rìn lórí igi.
– Ẹnu: ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀.
– Abẹ: irin mímú tó yọ díẹ̀ lẹ́nu.
– Irin ìbòrí: irin kejì tó sùn lé abẹ. Òun ló ń ṣẹ́ èérún, ìyẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ igi tó ń ká jáde, kí igi má baà ya.
– Ohun tó há abẹ mọ́ àyè rẹ̀: igi ìhá ni lára ìfági onígi, irin ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni lára onírin.

1. Ẹ PỌ́N ABẸ

Ẹ yọ abẹ, kí ẹ tú irin ìbòrí kúrò lára rẹ̀. Ojú abẹ kan tẹ́jú, èkejì dà gẹ̀rẹ́ lẹ́nu. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po méjì sísanra abẹ, tàbí kí ó fi díẹ̀ lé e. Bí ó bá kúrú jù, abẹ kì í wọ igi. Bí ó bá gùn jù, ẹnu rẹ̀ yóò máa kán.

Ẹ da omi tàbí òróró díẹ̀ sórí òkúta ìpọ́nrin. Ẹ pọ́n ibi gẹ̀rẹ́ náà títí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yóò fi yọ sí ojú kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ojú kejì pẹrẹsẹ lórí òkúta, kí ẹ pọ́n ìyẹn kúrò. Ẹ má gbé e sókè rárá.

Ẹ fi etí bébà dán abẹ wò. Bí ó bá gé bébà láìfà á ya, ó ti mú. Ẹ má fi àtàǹpàkò dán an wò.

2. Ẹ TO IRIN ÌBÒRÍ

Ẹ dè é mọ́ ojú abẹ tó tẹ́jú. Ẹnu rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ẹnu abẹ. Fún pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ fi mìlímítà 1 sí 2 sílẹ̀. Fún fífá ìkẹyìn, tàbí igi tí iṣan rẹ̀ lọ́, kí àlàfo náà má tó mìlímítà 1.

Ẹ gbé irin méjèèjì sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba àárín wọn kọjá, èérún yóò há síbẹ̀. Ẹ pọ́n ẹnu irin ìbòrí lórí òkúta títí yóò fi lẹ̀ mọ́ abẹ dáadáa.

3. Ẹ TO ABẸ SÍNÚ ÌFÁGI

Ẹ dá ìfági dé, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wà lókè. Ẹ wò ó láti iwájú lọ sẹ́yìn. Kí abẹ yọ bí òwú dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ó sì dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì.

Lára onírin: ẹ yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn abẹ kí abẹ lè jáde tàbí kí ó wọlé. Kí yíyí ìkẹyìn jẹ́ èyí tó ń ti abẹ síta, kí ó má baà sún padà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi ọ̀pá irin kékeré tó wà lókè tún un ṣe bí ó bá wọ́.

Lára onígi: ẹ fi òòlù kékeré kan orí abẹ, yóò jáde. Ẹ kan ìdí ìfági, abẹ yóò padà sẹ́yìn. Bí apá kan bá yọ jù, ẹ kan ẹ̀gbẹ́ orí abẹ ní apá náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ kan igi ìhá díẹ̀ kí ó le.

4. Ẹ DÁN AN WÒ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí abẹ kò tíì gé nǹkan kan, kí ẹ sì máa tì í síta díẹ̀díẹ̀. Ẹ fá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú apá òsì abẹ, lẹ́yìn náà pẹ̀lú apá ọ̀tún. Èérún méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Iṣan igi dà bí irun ewúrẹ́. Bí ẹ bá pa á láti orí lọ sí ìrù, ó sùn. Bí ẹ bá pa á láti ìrù wá sí orí, ó dìde. Bí igi bá ń ya, ẹ yí pákó padà kí ẹ fá a láti ìdí kejì.

OHUN TÍ ÌFÁGI Ń SỌ FÚN YÍN

– Ó ń yọ̀ lórí igi, kò gé: abẹ kò mú, tàbí kò yọ tó.
– Ó ń há, ó ń ta: abẹ yọ jù.
– Ó ń fi ilà sí pákó: igun abẹ kan yọ ju èkejì lọ.
– Èérún há sí ẹnu: irin ìbòrí kò lẹ̀ mọ́ abẹ.

Igi tẹ́ẹ̀kì tètè ń mú kí abẹ kú. Nítorí náà, ẹ máa pọ́n ọn lemọ́lemọ́. Bí pákó bá ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí, ẹ wá ìṣó inú rẹ̀ kí ẹ tó fá a.

ÌLERA YÍN ŃKỌ́?

Èérún ìfági tóbi, kì í tètè wọ imú. Ìyẹ̀fun igi tí bébà oníyanrìn ń mú jáde ló léwu jù. Ìyẹ̀fun ìrókò lè mú kí ara yún ni, kí èèyàn máa wú ikọ́, kí ó sì máa mí pẹ̀lú ìnira. Láti ọdún 1995 ni àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti ka ìyẹ̀fun igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ imú. Bí ìfági bá fá pákó dán, bébà oníyanrìn tí ẹ ó lò yóò dín kù, ìyẹ̀fun tí ẹ ó fà sí imú náà yóò sì dín kù. Ẹ ṣiṣẹ́ níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú.

Bí abẹ bá gé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ojú egbò, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Tetanọ́sì lè tẹ̀lé e, àrùn tí í mú àgbọ̀n le, tí í sì pa èèyàn. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, ó sì lè gba egbò kékeré wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tó ń dènà rẹ̀.

Ẹ RÁNTÍ

Bí ẹ bá simi, ẹ fi ìfági dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí abẹ má baà kú, kí ó má sì gé ọmọdé. Nígbà òjò, ẹ fi òróró díẹ̀ pa irin rẹ̀ nítorí ìpata. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ ń fi agbára ti ìfági, ẹ dúró. Ẹ tún un tò.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni iṣẹ́ irin ìbòrí?
2. Bí igi bá ń ya, kí ni ẹ ó ṣe?
3. Báwo ni ìfági tí a tò dáadáa ṣe ń dáàbò bo ìlera wa?