Kí Ọkọ̀ Òkun Pa Jẹnẹrétọ̀ Rẹ̀ ní Èbúté

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ń gbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ẹ ti rí ọkọ̀ òkun tí wọ́n so mọ́ èbúté. Kò rìn mọ́, síbẹ̀ èéfín ń jáde lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kí ló fà á?

Ọkọ̀ náà ti pa ẹ́ńjìnnì ńlá tó fi ń rìn. Ṣùgbọ́n ó ní jẹnẹrétọ̀ nínú. Òun ló ń tan iná fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, òun ló ń fa omi, òun ni kì í jẹ́ kí ẹja inú yìnyín bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá lo ọjọ́ mẹ́ta ní èbúté, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi máa jó epo.

Epo yìí ní imí-ọjọ́ nínú. Ní ọdún 2020, òfin àgbáyé dín in kù láti 3.5 nínú 100 sí 0.5. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín ṣì ni èéfín. A máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, a máa jẹ́ kí ikọ́ fée le sí i. Ajé gúnlẹ̀ sí àdúgbò wa lóòótọ́, èéfín sì bá a gúnlẹ̀.

Ní Gothenburg, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n ti ń fa wáyà iná láti orí ilẹ̀ wọ inú ọkọ̀ akẹ́rù láti ọdún 2000. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀, wọ́n á ki wáyà bọ̀ ọ́, wọ́n á pa jẹnẹrétọ̀. Ó parí.

Wáyà náà kì í ṣe irú ti ilé wa o. Iná ilé wa jẹ́ volt 240. Ti ọkọ̀ ńlá lè jẹ́ 6,600. Ẹ̀rọ tí yóò mú iná ilẹ̀ wa bá ti ọkọ̀ mu kò sì rọjú rà.

Ṣùgbọ́n iná fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ta ni kò mọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour”? Bí iná ìjọba bá lọ, tí wọ́n sì fi jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì orí ilẹ̀ tan iná fún ọkọ̀, a kàn gbé èéfín kúrò lórí omi wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ni. Iná Kainji, tí omi ń mú wá, kò ní èéfín. Ti Egbin, lẹ́bàá Ìkòròdú, gáàsì ló ń lò. Èéfín rẹ̀ kò tó ti dísẹ́ẹ̀lì, ó sì jìnnà sí wa. Àfi kí iná náà má ṣe máa já. Ọ̀gá ọkọ̀ tí iná bá lọ mọ́ lórí lẹ́ẹ̀mejì yóò padà sídìí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, a ò sì lè bá a wí.

Bí wọ́n bá wá pe ìpàdé àdúgbò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ. Ẹ béèrè pé: ṣé wáyà ńlá tí ń lọ sí èbúté yóò yà sí Ajégúnlẹ̀, àbí iná ilé wa ni wọn yóò pa láti fi tan ti ọkọ̀?