Bí Mo Ṣe Bá Báǹkì Ṣẹjọ́ Nítorí Owó Ìtanràn

Ẹ bá mi ká lọ sí ìlú London, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà, mò ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan. Bí mo bá délé ní òwúrọ̀ tí mo sì rí àpò ìwé funfun ti báǹkì mi nílẹ̀ ẹnu ọ̀nà, àyà mi á já. N kò ní í ṣí i. Inú dúróà kan báyìí ni mo máa ń jù wọ́n sí, títí dúróà náà kò fi ṣe é tì mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú gbogbo lẹ́tà wọ̀nyí: a ti yọ £30 nínú owó rẹ. Nígbà tó yá, ó di £35.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tí irú rẹ̀ kò bá tíì ṣẹlẹ̀ sí, kò ní í tètè yé e. Mo ti fún báǹkì láṣẹ pé kí wọ́n máa san owó tẹlifóònù mi lóṣooṣù. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún kan, ìsinmi mú kí owó iṣẹ́ mi pẹ́, Ọjọ́rú ni ó tó wọlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn tẹlifóònù wá gba £24 tiwọn, £19 péré ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Ó ku £5. Báǹkì kò san owó yẹn fún wọn rárá o. Wọ́n kàn kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn kò san án, wọ́n sì gba £30 lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n yọ £30 nínú £19, mo wá di ẹni tó jẹ báǹkì ní £11. Wọ́n ní mo jẹ gbèsè láìgba àṣẹ, wọ́n sì tún bu £30 mìíràn lé e. Ẹ ò rí nǹkan! Nítorí £5 tó dín fún ọjọ́ kan péré, £60 ti lọ, n kò sì tíì san owó tẹlifóònù. Àwọn tí à ń pè ní sógùndógójì nílé, ìlọ́po méjì ni tiwọn. Ti báǹkì yìí jẹ́ ìlọ́po méjìlá.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Peckham, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá máa ń pàdé, ni mo ti gbọ́ ní ọdún 2006 pé ènìyàn lè gba owó yìí padà. Mo rò pé àwàdà ni. Àṣé òfin àtijọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 1914, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ táyà Dunlop, ni àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti là á sílẹ̀ pé bí àdéhùn bá ti bu owó lé ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, kí owó náà bá òfò tí a lè retí mu. Bí ó bá pọ̀ jù, tó jẹ́ pé wọ́n kàn fi ń dẹ́rù bani ni, kóòtù kò ní í tì í lẹ́yìn. Òfin ọdún 1999 tún wà nígbà náà, tó ń gbèjà oníbàárà lọ́wọ́ àdéhùn tí kò tọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2006 ni Office of Fair Trading, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò nígbà náà, kéde pé báǹkì tó bá ń gbà ju £12 lọ lọ́wọ́ ẹni tó pẹ́ kó tó san gbèsè káàdì rẹ̀, àwọn yóò kà á sí àìtọ́. Gbèsè káàdì ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe irú tiwa. Ṣùgbọ́n àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wa pé: kí ni lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà kọ fúnra rẹ̀ ná báǹkì tí wọ́n fi ń gba £30?

Mo bá ṣí dúróà. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ti sọnù, nítorí náà mo kọ̀wé sí báǹkì pé kí wọ́n fún mi ní sítétìmẹ́ǹtì ọdún mẹ́fà, nítorí ọdún mẹ́fà ni òfin fún ènìyàn láti pe ẹjọ́ àdéhùn. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, wọn kò gbọ́dọ̀ gbà ju £10 lọ fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 40 lọ kí wọ́n tó mú un wá. Nígbà tó dé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo mú bíírò pupa. Ìgbà 22 ni wọ́n ti gba £30, ìgbà 14 ni wọ́n gba £35. £1,150! Mo jókòó, n kò lè sọ̀rọ̀. Owó ọkọ̀ òfúrufú èmi àti ìyàwó mi ni, àlọ àti àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì fojú kan ilé láti ọdún mẹ́rin.

Kí n tó kọ lẹ́tà ìjà, mo kọ́kọ́ lọ ṣí àkáǹtì ní báǹkì mìíràn, mo ní kí owó iṣẹ́ mi máa lọ síbẹ̀. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tí báǹkì ti àkáǹtì wọn pa nítorí pé wọ́n béèrè owó wọn.

Lẹ́tà kìíní, mo fún wọn ní ọjọ́ 14. Wọ́n fèsì pé mo ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Lẹ́tà kejì, mo tún fún wọn ní ọjọ́ 14, mo ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di kóòtù. Wọ́n ní àwọn yóò fi inú rere fún mi ní £300. Mo kọ̀ ọ́. Nínú lẹ́tà méjèèjì ni mo ti bi wọ́n pé, ‘Eélòó ni ó ń ná yín gan-an?’ Wọn kò dá mi lóhùn.

Ẹjọ́ owó kéékèèké ni wọ́n ń pe irú ẹjọ́ tí mo pè. Ohun tí kò bá ju £5,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀ nígbà náà. Láti ọdún 2013 ó ti di £10,000 ní England àti Wales. Ènìyàn kò nílò lọ́yà. Bí ó bá sì pàdánù, kì í sábà jẹ́ òun ni yóò san owó lọ́yà ẹni kejì, ohun tó sì ń lé tálákà sá fún kóòtù ńlá nìyẹn. Mo kọ ọ̀rọ̀ mi sínú fọ́ọ̀mù, mo san owó kóòtù, mo sì fi èlé £8 lórí £100 lọ́dún kún un, gẹ́gẹ́ bí òfin ti gbà mí láyè láti béèrè. Èlé náà jẹ́ £214. Lọ́yà báǹkì kọ ìwé rẹpẹtẹ láti fi sẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Kóòtù dá ọjọ́ sí oṣù Kejì ọdún 2007. Mo ra táì.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí á dé kóòtù ni lẹ́tà dé. Wọ́n ní àwọn kò jẹ̀bi o, ṣùgbọ́n àwọn yóò san £1,364 náà pé, àti owó kóòtù lórí rẹ̀, bí mo bá lè fọwọ́ sí i pé n kò ní í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi bíírò pupa fa ìlà yẹn nù, mo fọwọ́ sí ìyókù. Wọ́n san án.

Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kí adájọ́ tó jókòó, wọn á ti san owó. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rí bẹ́ẹ̀, nítorí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ọkùnrin kan dé iwájú adájọ́ ní Birmingham, ó sì pàdánù. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà wà ní London, ó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní ìdájí, ó sì ní ọmọ mẹ́ta. Owó tí báǹkì gbà lọ́wọ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ, ó tó £2,310. Nígbà tí mo fi ìwé ṣẹ́ẹ̀kì mi hàn án, ó kí mi títí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní ó ku tirẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

‘Ọkọ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ mi dé kóòtù. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba.’

‘Ìyàwó wa, kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìwọ ló ń pè wọ́n, wọn kò pè ọ́.’

Oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbà tán, ó kó gbogbo ìwé rẹ̀ fún mi nínú àpò náílọ́ọ̀nù kan, ó ní kí n bá òun kọ ọ́. Èmi náà wá ń fi dọ́la, mo ní iṣẹ́ alẹ́ ń rẹ̀ mí, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2007 ti wọlé kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ tó dé kóòtù. Ní ọjọ́ 27 oṣù yẹn gan-an ni Office of Fair Trading àti àwọn báǹkì ńláńlá gbà láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga, kí adájọ́ dá a lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo ayé. Àwọn kóòtù kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí dá ẹjọ́ dúró. Tirẹ̀ wà lára wọn.

Ó lé ní ọdún méjì tí a fi dúró. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2008, adájọ́ ní owó náà kì í ṣe ìtanràn lábẹ́ òfin àtijọ́, ṣùgbọ́n a lè fi òfin ọdún 1999 yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ọn. A ti ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, adájọ́ márùn-ún ti Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ohùn kan sọ pé ara iye tí báǹkì ń ta iṣẹ́ rẹ̀ ni owó yìí jẹ́, òfin náà kò sì jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ pé iye kan pọ̀ jù pe ẹjọ́. Wọ́n mọ̀ o, ó sì wà nínú ìdájọ́ wọn, pé owó tí àwọn tó ń jẹ gbèsè ń san ló ń jẹ́ kí àwọn tí owó wọn kì í tán máa lo báǹkì lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọdún tó parí, Office of Fair Trading ní àwọn kò bá a lọ mọ́.

Kóòtù fagi lé ẹjọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé lẹ́tà náà lọ bá a nílé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó ní, ‘Ọkọ mi, ẹ ṣeun tí ẹ gbìyànjú.’ Kò mẹ́nu ba oṣù tí mo fi fi dọ́la. Ì bá sàn kó bú mi. Mo mú £300 wá nínú tèmi. Kò gbà á, àwọn ọmọ ni mo fi ra bàtà ilé-ìwé fún.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2020, àwọn tó ń ṣàkóso báǹkì ní Britain ti fòpin sí owó gbà-mí-ń-bẹ yìí fún ẹni tó jẹ gbèsè láìgba àṣẹ. Èlé nìkan ni wọ́n lè gbà, kò sì gbọ́dọ̀ ju ti ẹni tó gba àṣẹ lọ. Owó tí báǹkì bá sì gbà nítorí pé kò san owó kan fún ọ, wọ́n ní kí ó bá ohun tó ná báǹkì mu. Ìbéèrè tí mo kọ sínú lẹ́tà mi nìyẹn.

Lọ́dọ̀ yín nílé, ọ̀nà ti wà. Báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà tẹ ìwé tó ka owó tí báǹkì lè gbà ní ẹyọ ẹyọ. Bí báǹkì rẹ bá gba èyí tí kò sí níbẹ̀, òun ni kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí kò bá ṣe nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kọ̀wé sí báǹkì àpapọ̀. Èkó sì ti ní kóòtù ẹjọ́ kéékèèké láti ọdún 2018, fún owó tí iye rẹ̀ dájú tí kò sì ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Lẹ́tà tí o fi béèrè owó rẹ ni yóò ṣáájú fọ́ọ̀mù ẹjọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sì ní kí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Àbúrò mi kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ pè mí láìpẹ́ yìí pé báǹkì òun yọ owó kan lẹ́ẹ̀mejì, kí ni kí òun ṣe. Mo ní kó lọ gba sítétìmẹ́ǹtì rẹ̀ lónìí, kó má dọ̀la. Ó ní ó ti wà lọ́wọ́ òun, bíírò pupa ni òun ń wá.