Function àti ìlà tó tọ́: oṣù kejì ló ń tú àṣírí

Àwọn tí mo ń kọ́ ní ìṣirò fún JAMB máa ń bi mí pé: ṣé nǹkan kan náà ni function àti ìlà tó tọ́? Rárá o.

Function dà bí ẹ̀rọ ìlọta. Da ata sí i, ata lílọ̀ ló máa jáde, kò ní di ẹ̀wà lọ́la. Fi x kan sí i, y kan péré ni wàá rí. Tí 2 bá mú 5 jáde lónìí, tó tún mú 9 jáde lọ́la, kì í ṣe function.

Ìlà ní tirẹ̀, àwòrán ni. Ní 1637, René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ìwé rẹ̀ La Géométrie hàn wá bí a ṣe lè fi ìṣirò ṣàpèjúwe ìlà. Èyí tí a mọ̀ jù ni y = mx + c: c ni iye y nígbà tí x jẹ́ 0; m ni iye tó ń kún y nígbàkúùgbà tí x bá fi 1 lé sí i. Function ni ìlà yìí. Ṣùgbọ́n x = 3, tó nàró bí òpó iná, kì í ṣe function, torí x kan ṣoṣo ló ní y àìmọye. y = x² ńkọ́? Function ni, àmọ́ ó tẹ̀ bí igbá.

Kí ló wá kàn ẹ́ ńbẹ̀? Owó ni. Ká ní o yá ₦10,000, èlé 10% lóṣù, o ò sì tíì san nǹkan kan. Tó bá jẹ́ orí owó tí o yá nìkan ni èlé wà, gbèsè rẹ ni y = 1,000x + 10,000, ìlà tó tọ́. Tó bá jẹ́ èlé lórí èlé, ó di y = 10,000 × 1.1ˣ, ìlà tó ń tẹ̀ lọ sókè.

Oṣù kìíní: ₦11,000 ni méjèèjì.
Oṣù kejì: ₦12,000 àti ₦12,100.
Oṣù kejìlá: ₦22,000 àti bíi ₦31,384.
Ọdún méjì: ₦34,000 àti bíi ₦98,497!

Ṣé o rí i? Ọjọ́ tí o yáwó àti oṣù kìíní kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, torí ìlà tó tọ́ kan máa ń gba inú ààmì méjì yòówù kọjá. Ààmì kẹta ló ń sọ òótọ́. Nítorí náà, kí o tó yáwó lórí fóònù, béèrè iye tí gbèsè máa jẹ́ lóṣù kejì. Tó bá fi ₦1,000 lé, tó tún fi ₦1,000 lé, ìlà tó tọ́ ni. Tó bá fi ₦1,000 lé, tó wá fi ₦1,100 lé, èlé ti ń bímọ nìyẹn.